Ebi Nìkan Kọ́ Ló Gbé Hitler Gorí Àlééfà

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí ti mọ ibi tí mò ń lọ: ọ̀wọ́ngógó ọdún 1923 ní Jámánì kọ́ ló gbé Hitler dé ipò. Mo rí àwọn tó ti ń mirí lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ máa mì í, ọrùn yín ni.

Gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn. Ní oṣù Kọkànlá 1923, dọ́là kan di tírílíọ̀nù máàkì 4.2, owó Jámánì. Owó tí òṣìṣẹ́ gbà láàárọ̀ kì í ra nǹkan gidi mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọdé ń to ìdì owó bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Oṣù yẹn gan-an ni Hitler fẹ́ fipá gbàjọba ní Munich. Ọlọ́pàá tú wọn ká, òun di èrò ẹ̀wọ̀n. Lóòótọ́, owó ìpamọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn run, ọgbẹ́ yẹn kò sì jinná. Síbẹ̀, ní ìdìbò 1928, ìbò 2.6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹgbẹ́ Násì, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, rí. Ẹ̀yin tó ń mirí, ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Lẹ́yìn 1929 ni nǹkan yí padà. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó yá Jámánì lówó ń gba owó wọn padà. Heinrich Brüning di olórí ìjọba ní 1930. Ó gé owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, ó dín owó ìrànwọ́ àwọn aláìníṣẹ́ kù, ó fi kún owó orí. Àṣẹ pàjáwìrì tí Ààrẹ Hindenburg ń buwọ́ lù ló fi ń ṣe é. Aráàlú sọ ọ́ ní Olórí Ìjọba Elébi. Ti 1923 dà bí òjò tó pa gbogbo ìlú. Ti Brüning yàtọ̀: ọwọ́ tí a mọ ẹni tó ni ín ló ń yọ oúnjẹ lẹ́nu ẹni. Oṣù Kẹsàn-án 1930, Násì rí 18.3. Oṣù Keje 1932, ó di 37.3.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwọn báǹkì ni arábìnrin kan nawọ́: “Ẹ má bínú sà, ṣé àwọn aláìníṣẹ́ ló dìbò fún Hitler ni?”

Ìbéèrè yìí da ètò mi rú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Rárá o. Púpọ̀ nínú àwọn aláìníṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì ni wọ́n gbà lọ. Oníṣọ́ọ̀bù kékeré, oníṣẹ́ ọwọ́, àgbẹ̀ Pùròtẹ́sítáńtì tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, àwọn wọ̀nyí ló gbé Násì ga. Wọ́n ṣì ní nǹkan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo aládùúgbò tó ti ṣubú, wọ́n ń sọ pé, “Èmi ló kàn.” Hitler sì ti bá wọn wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù: àwọn Júù, àwọn Kọ́múníìsì, àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn Versailles tó parí Ogun Àgbáyé Kìíní.

Alága ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kíá: oṣù Kọkànlá 1932, ìbò wọn já sí 33.1. Wọ́n ti ń rẹ̀yìn! Papen, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀, àti àwọn ọ̀tọ̀kùlú tó yí Hindenburg ká ló ṣílẹ̀kùn fún Hitler láti di olórí ìjọba ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1933. Àwọn Násì mẹ́ta péré, Hitler fúnra rẹ̀ mọ́ wọn, ló wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba. Wọ́n rò pé àwọn ti dè é mọ́lẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí ilé ìgbìmọ̀ fi gbé agbára òfin lé e lọ́wọ́.

Ẹni tó pariwo “Amẹ́ríkà ńkọ́?”, mo gbọ́ ọ. Nǹkan bí òṣìṣẹ́ kan nínú mẹ́rin ni kò níṣẹ́ níbẹ̀ ní 1933, ṣùgbọ́n Ààrẹ wọn, Roosevelt, ná owó ìjọba láti dá iṣẹ́ sílẹ̀, kò ṣe bíi Brüning tó gé e. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ bá mi níta.