Ta Ni Yóò Sọ fún Àwọn Mọ̀lẹ́bí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Aago ìtanijí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó dún lójijì láàárọ̀, ọmọbìnrin kan ta gìrì lójú oorun, ó nawọ́ kó pa á, ló bá ṣubú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ là. Wọ́n ní wárápá ni, wọ́n kọ oògùn wárápá fún un. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó ṣubú. (Mo mọ̀ pé dókítà wà nínú yín, ẹ má bínú.) Bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló ní àrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní long QT, tó máa ń ran ìdílé. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá.

Iná mànàmáná inú ara ló ń mú ọkàn lù. Lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, iná yẹn gbọ́dọ̀ padà sípò kí òmíràn tó dé. Ẹni tó bá ní àrùn long QT, tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó padà. Bí nǹkan bá já lu ọkàn lásìkò náà, ìlù lè dàrú, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ dáadáa, ẹni náà á dákú. Ọkàn sábà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí kò bá tún un ṣe, ikú ni, àwọn tó yẹ òkú wò sì lè máà rí nǹkan kan, torí ẹran ọkàn ò lábùkù, iná rẹ̀ ni. Nǹkan bí ẹni 1 nínú 2,000 ló ní in. Oríṣi kìíní àrùn náà sábà máa ń mú èèyàn níbi eré sísá tàbí nínú omi. Ìkejì ni ti ariwo òjijì, bíi ti aago yẹn. Ìkẹta máa ń wá lójú oorun.

Lọ́dún 1957, àwọn dókítà méjì, Jervell àti Lange-Nielsen, kọ̀wé nípa ìdílé kan ní Norway: ọmọ 6, 4 nínú wọn adití tó máa ń dákú, 3 kú lójijì. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá pọ̀ ni wọ́n ti jogún irú tiwọn. Ní ti irú long QT tó wọ́pọ̀ jù, òbí kan péré ti tó láti fún ọmọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì lè jogún rẹ̀ tàbí kó máà jogún rẹ̀, ọgbọọgba.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ẹbí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú bébà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ìbátan. Ta ló mọ omi lúwẹ̀ẹ́ tó sì kú sómi? Ta ló sùn tí kò jí? Wárápá ta ni oògùn ò ràn? Èmi ò rò pé nǹkan kan le tó pípe àbúrò ẹni lórí fóònù pé, "Àyẹ̀wò ọkàn yẹ àwọn ọmọ rẹ." Òmíràn á bínú, á ní ẹ ń ṣépè. Òbí tó bímọ náà á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ kò yàn án.

Bí ECG ìbátan, ìyẹn àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ fi ń ya iná ọkàn sórí bébà, bá dára, ẹ má tíì sinmi: ẹlòmíràn ní àrùn náà tí ẹ̀rọ ò fi hàn. Àyẹ̀wò àpilẹ̀ àbùdá (gene), ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ló lè tú àṣírí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oògùn beta-blocker, tó ń mú kí ọkàn rọra lù, bíi nadolol, ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ wọn, nígbà tí erythromycin lásán, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, lè dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ ní kí dókítà kọ lẹ́tà kan: orúkọ àrùn, àpilẹ̀ àbùdá tó bà jẹ́ gan-an, àwọn oògùn tí kò yẹ. Ẹ fún ìbátan kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà. Ẹ kọ nọ́ńbà dókítà sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bínú lónìí lè rí i lò lọ́jọ́ tó bá fẹ́.