Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Ológbò Tó Wọlé Tọ̀ Wá, Ta Ló Ni Ín?

Àsàlámù àléékúmù wa ráhmátùlláhì wa bàrákátùhù.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ènìyàn, tó dá ẹranko, tó sì fi ẹ̀tọ́ kálukú sí ọrùn ẹnì kejì. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní Jímọ̀ òní lè kéré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé méjì ní àdúgbò wa níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ilé tiwa sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ológbò ni. Ìyá wa Àlájà, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi, jẹ́ ẹni tí àánú ẹranko kún inú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ṣípò padà, ológbò tó bá yà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í fi ebi padà. Orí ẹja tí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń ta ẹja ọ̀sà bá fi tọrẹ fún un, àwọn ológbò ló ń jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó lè bá a wí lórí ìyẹn, nítorí Ànábì wa ti sọ fún wa, nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tó ṣa hádíìsì jọ, gbà wá, pé láádá ń bẹ nínú ṣíṣe dáadáa sí gbogbo ohun abẹ̀mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé nígbà tí ọyẹ́ dé, Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Abo ológbò pupa kan wà nínú wọn tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn. Ìyá wa ní okùn náà ń fún un, ó gé e sọnù, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin kékeré kan láti ilé kẹta wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń pe ológbò náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé wọn. Ológbò gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ké láti inú yàrá. Ìyá wa jáde sí ọmọ náà, ó ní: “Ká ní ẹ tọ́jú rẹ̀ ni, kò ní kúrò lọ́dọ̀ yín.” Ọmọ náà sunkún lọ. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sì la ẹnu mi. Dídákẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Ìyá ọmọ náà ń ta àgbàdo ní ọjà Wàǹdó, inú ilé rẹ̀ ló sì ń kó àpò rẹ̀ sí. Àwọn àgbà ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Ẹni tó bá ti rí àpò àgbàdo tí èkúté dá lu rí yóò mọ̀ pé ohun ìní ni ológbò nínú ilé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ọlọ́hun sì ti sọ nínú Súrà Al-Baqarah, áyà 188, pé kí á má ṣe fi èrú jẹ dúkìá ara wa.

Ẹ rántí hádíìsì Kabshah, ọmọ Ka'b bin Malik, tó jẹ́ ìyàwó ọmọ Abu Qatadah, sàhábà Ànábì wa. Ó bu omi àlùwàlá fún bàbá ọkọ rẹ̀, ológbò kan dé, ó fẹ́ mu nínú omi náà, Abu Qatadah sì tẹ ohun tí omi wà nínú rẹ̀ fún un títí tó fi mu tẹ́rùn. Nígbà tó rí i pé ẹnu ya Kabshah, ó ní Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, pé ó wà nínú àwọn tó máa ń yí ká láàárín yín. Imáàmù Malik, tí a ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, wà lára àwọn tó gba hádíìsì yìí wá.

Nígbà tí a bá ń kà á, orí ìmọ́tótó omi la sábà máa ń dúró sí. Èmi rí ẹ̀kọ́ mìíràn níbẹ̀. Ẹ̀dá tó ń yí ká ni Ànábì pè é. Ológbò lè wọ ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú, kó jẹun ní ọ̀kan, kó sùn lábẹ́ ògiri èkejì, kó sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín nígbà tó bá wù ú. Nítorí náà, wíwá tó wá sílé wa kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti kọ ilé rẹ̀ sílẹ̀, jíjẹ tó sì jẹ oúnjẹ wa kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ń febi pa á níbẹ̀. Àlejò tó jẹun lọ́dọ̀ wa kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di tiwa.

Sàhábà Zayd bin Khalid al-Juhani sọ, ó sì wà nínú Bukhari àti Muslim, pé ọkùnrin kan bi Ànábì nípa ohun tí ènìyàn bá rí he. Ó ní kí ẹni tó he é mọ àpò rẹ̀ àti okùn tí wọ́n fi dì í, kó sì kéde rẹ̀ fún ọdún 1. Ọkùnrin náà béèrè nípa àgùntàn tó sọnù. Ànábì ní: “Tìrẹ ni, tàbí ti ọmọ ìyá rẹ, tàbí ti ìkookò.” Ó wá béèrè nípa ràkúnmí tó sọnù. Inú bí Ànábì títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi pọ́n, ó ní: “Kí ló kàn ọ́ nínú rẹ̀? Ó ní àpò omi rẹ̀, ó ní bàtà rẹ̀, yóò máa dé ibi omi, yóò sì máa jẹ ewé igi, títí ẹni tó ni ín yóò fi rí i.”

Òye tèmi nìyí, ẹ sì lè bi àwọn àlùfáà tó mọ̀ jù mí lọ: ológbò tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ ń dán, tó mọ ọ̀nà orí ògiri, tó sì lè pa eku jẹ, ràkúnmí ló jọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi í sílẹ̀, yóò mọ̀nà ilé. Ọmọ ológbò tí ẹ rí létí gọ́tà, tàbí èyí tí alùpùpù gbá tí kò lè dìde mọ́, ìyẹn jọ àgùntàn, nítorí ìkookò tirẹ̀ kò jìnnà. Ìyẹn ni a lè gbé wọlé, síbẹ̀ ìkéde kò kúrò lọ́rùn wa. Zayd kan náà ló gbọ́ lẹ́nu Ànábì, Muslim sì gbà á wá, pé ẹni tó bá gba ẹran tó ṣìnà mọ́ra, òun fúnra rẹ̀ ti ṣìnà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá kéde rẹ̀. Ẹni tó gbé ológbò wọlé tó sì ń bi gbogbo ayé pé ta ló ni ín, alàánú ni. Ẹni tó gbé e wọlé, tó ti fèrèsé, tó gé okùn ọrùn rẹ̀, tó yí orúkọ rẹ̀ padà, kí ni kí á pe ìyẹn? Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí ìyá mi ni.

Àwáwí tí mo gbọ́ jù lọ ni pé: “A mọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ìyà ló fi ń jẹ ẹ́.” Abdullah bin Ja'far sọ, Abu Dawud sì gbà á wá, pé Ànábì wọ inú ọgbà ọ̀kan nínú àwọn Ansar, ìyẹn àwọn ará Mẹ̀dínà tó gba Ànábì sọ́dọ̀, ràkúnmí kan rí i, ó ké, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ànábì súnmọ́ ọn, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn etí títí ó fi dákẹ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tó béèrè: “Ta ló ni ràkúnmí yìí?” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó ní òun ni. Ànábì bi í pé ṣé kò bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ẹran tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni, nítorí ẹran náà ti fẹjọ́ sùn pé ó ń febi pa òun, ó sì ń fi iṣẹ́ dá òun lágara. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni o, ẹni tí ẹranko ń sunkún sí, kò sì fa ràkúnmí náà lọ sílé. Ó wá ẹni tó ni ín jáde, ó sì kìlọ̀ fún un lójúkojú. Bí a bá rí ológbò aládùúgbò tó rù, ilé aládùúgbò náà ló yẹ kí ẹsẹ̀ wa kọ́kọ́ gbé wa lọ.

Gbogbo wa la sì mọ hádíìsì obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò. A máa ń fi í kìlọ̀ fún ẹni tí kì í fún ẹranko lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́: ó tì í mọ́lé títí ó fi kú, kò fún un lóúnjẹ, kò sì fi í sílẹ̀ kó lọ máa jẹ nínú kòkòrò ilẹ̀. N kò fi ẹni tó ń fi ẹja bọ́ ológbò wé obìnrin yẹn, Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́. Mo kàn fẹ́ kí á rí i pé ìtìmọ́lé náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Bí ológbò bá wọlé tọ̀ yín, ẹ wo ọrùn rẹ̀ àti ara rẹ̀ ná. Ẹ bi ilé ọ̀tún, ilé òsì àti ilé ẹ̀yìn, kí ẹ sì bi àwọn ọmọdé, nítorí wọ́n mọ ológbò àdúgbò ju àwa àgbà lọ. Ẹ lè fi òwú tí kò le so bébà kékeré mọ́ ọn lọ́rùn, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé “Ǹjẹ́ ológbò yìí ní ilé?”, kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ, ẹni tó ni ín yóò fèsì. Nígbà tí ẹ bá ń kéde, ẹ má ṣe sọ gbogbo àmì ara rẹ̀ tán. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́, kí ẹni tó bá ní òun ló ni ín lè fi ẹ̀rí hàn, bí àpò àti okùn inú hádíìsì yẹn. Ẹ má sì ṣe kéde rẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí, nítorí Ànábì kọ̀ ọ́ fún ẹni tó ń wá ohun tó sọnù níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Abu Hurayrah ṣe gbà á wá nínú Muslim. Ìta, lẹ́nu ọ̀nà, àti inú ọjà ni àyè rẹ̀ wà.

Ó ku bí a ó ṣe bá àgbà sọ ọ́. Súrà An-Nisā', áyà 135, pàṣẹ pé kí á dúró ti òdodo, kódà bó bá ta ko àwa fúnra wa, àwọn òbí wa tàbí àwọn ìbátan wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ànábì Ibrahim nínú Súrà Maryam: bàbá tó ń bọ òrìṣà ló ń bá wí, “Bàbá mi, bàbá mi” ló sì ń pè é títí ọ̀rọ̀ fi parí.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá wa, mo jókòó sórí ẹní lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì sọ ìtàn ràkúnmí inú ọgbà fún un. N kò dárúkọ olè. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: “Ẹsẹ̀ mi ló máa ń sùn sí lóru.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ, nítorí ó ti tó oṣù méjì tí èmi ọmọ rẹ̀ kò ti jókòó tì í di alẹ́. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń kó ológbò kiri, kí ẹ tó bá a wí, ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí ẹ lọ kí i kẹ́yìn.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ológbò náà lọ sí ilé kẹta, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àti ọmọ. Ológbò ṣì ń wá sí ọgbà wa lọ́sàn-án, pẹ̀lú okùn tuntun lọ́rùn. Ó ń jẹ orí ẹja rẹ̀, ó sì ń lọ sílé kí Màgàríbà tó pè.

Méjì ṣì kù lọ́dọ̀ wa tí a kò mọ ẹni tó ni wọ́n: akọ dúdú kan àti abo kan tó ní àwọ̀ eérú. Àmì wà lára àwọn méjèèjì tí n kò kọ síbí. Ẹni tí tirẹ̀ bá sọnù ní àdúgbò wa, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ òní, èmi yóò dúró ní ìta, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, níbi tí a ń bọ́ bàtà sí. Kó wá sọ àmì rẹ̀ fún mi.