Ìjọra Ọ̀rọ̀ Nìkan Kò Tó: Bí A Ṣe Ń Mọ Èdè Tó Bá Ara Wọn Tan

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí orísun èdè Yorùbá, ìbéèrè kan kì í ṣàìjáde: ṣé Íjíbítì ló ti wá ni, àbí ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá? Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ a máa to ọ̀rọ̀ tó jọra sílẹ̀ bí ẹ̀rí. Ẹ̀rí yẹn kò dúró. Àdúrà, àlàáfíà àti àlùbọ́sà jọ ti Lárúbáwá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n. Ẹ̀sìn àti òwò ló gbé wọn dé. Àwọn ará Páṣíà ń pe ohun tí kò dára ní "bad", Gẹ̀ẹ́sì náà ń pè é bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ orísun ọ̀rọ̀ méjèèjì kò pa pọ̀. Wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí èdè Ṣáínà ní ohùn, kò sì bá Yorùbá tan.

Ìyàtọ̀ tó ń tẹ̀lé òfin ni onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń wá. Ẹ jẹ́ ká mú Yorùbá àti Ígálà. A ó kọ́kọ́ kó 100 sí 200 ọ̀rọ̀ tí èdè kì í sáábà yá jọ: ẹ̀yà ara, omi, iná, jíjẹ, kíkú, oǹkà kékeré. A ó tò wọ́n síra, a ó yọ àyálò kúrò, lẹ́yìn náà ni a ó wo ìró kọ̀ọ̀kan. A ń pe ẹ̀rin, Ígálà ń pe ẹlẹ. A ń pe àrún, wọ́n ń pe ẹlu (mo yọ àmì ohùn Ígálà kúrò). Ibi tí /r/ wà lẹ́nu wa, /l/ ló wà lẹ́nu wọn. Ẹ̀ta, ẹ̀fà àti ẹ̀jọ wà bí wọ́n ṣe wà, ẹ̀wá sì di ẹgwa. Ọ̀rọ̀ méjì péré kò tó dá ẹjọ́. Àfi kí òfin náà máa tún jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan, Akínkùgbé, ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978, nígbà tó fi àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, Ìṣẹkírì àti Ígálà wéra.

Oǹkà náà lè tanni jẹ o. Nínú Swahili, tatu (3), nne (4) àti tano (5) jẹ́ ti Bántú (ọ̀wọ́ èdè tí Swahili wà nínú rẹ̀), tatu sì bá ẹ̀ta wa tan. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti yá sita (6), saba (7) àti tisa (9). Ẹni tó bá wo mẹ́ta yìí nìkan yóò gbé Swahili sínú ẹbí tí kì í ṣe tirẹ̀. Háúsá gan-an ló bá Lárúbáwá àti èdè Íjíbítì àtijọ́ tan: mutu ni Háúsá ń pe kíkú, māta ni Lárúbáwá ń pè é.

Ní 1854 ni Koelle, míṣọ́nárì ará Jámánì, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ èdè tó lé ní 100 jáde, èyí tó gbà lẹ́nu àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Freetown, Sierra Leone. Greenberg, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà, to Niger-Congo, ẹbí ńlá tí Yorùbá wà nínú rẹ̀, ní 1963, ó sì fi Yorùbá sábẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Kwa pẹ̀lú Ewe àti Akan. Ní 1977, àwọn onímọ̀ méjì, Bennett àti Sterk, yọ Yorùbá, Ìgbò àti Ẹ̀dó kúrò níbẹ̀, wọ́n kó wọn sí ẹ̀ka Benue-Congo, níbi tí Bántú wà. Ipò Mande (ọ̀wọ́ èdè kan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà) nínú ẹbí ńlá náà ṣì ń fa àríyànjiyàn. Bí ọjọ́ bá sì ti pẹ́ jù, nǹkan bí 10,000 ọdún, ìyípadà ìró ti pa ọ̀pọ̀ ẹ̀rí rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi tíì lè fi hàn pé èdè kan ṣoṣo ni gbogbo èdè ayé ti ṣẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ní Tógò tàbí àwọn Mokole ní Bẹ̀nẹ̀, tí èdè wọn bá Yorùbá tan, kí ó gba ohùn wọn sórí ẹ̀rọ, kí ó sì kọ àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Kí ó fi àwòrán tàbí nǹkan gidi béèrè. Tó bá fi Yorùbá àjùmọ̀lò béèrè, Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọn yóò máa fi dá a lóhùn, òfin ìró tó wá dé ibẹ̀ yóò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.