Kelvin Sampson, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń sọ ahoro di ilé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ún jù. Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2025, ní San Antonio, ìpínlẹ̀ Texas. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ni. Florida ní 65, Houston ní 63, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Emanuel Sharp, ọmọ Houston. Ó fò sókè láti jù ú láti òkèèrè. Bó bá wọlé, àmì mẹ́ta ni, ife sì di tiwọn. Òkè ló wà tó fi rí i pé Walter Clayton ti Florida ti na ọwọ́ gbọọrọ bọ̀ wá gbá a dànù. Ni Sharp bá jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, ó ń ta, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, torí tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ó ti rú òfin nìyẹn. Ó ń wò ó. Ọmọ Florida kan bẹ́ lé e. Eré parí.

Bàbá ẹni ọdún 69 tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ náà ń jẹ́ Kelvin Sampson. Ohun tó fi ayé ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ni pé bọ́ọ̀lù tó bá ti bọ́ sílẹ̀, tiwa ni. Bọ́ọ̀lù tó bọ́ sílẹ̀ náà ló sì gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ NBA, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù agbọ̀n jẹun ní Amẹ́ríkà, nìkan lẹ ń wò, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ bí eré àwọn yunifásítì ṣe rí. Ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele tó ga jù níbẹ̀ lé ní 350, ṣùgbọ́n 68 péré ló ń wọ ìdíje ńlá oṣù kẹta. Ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ilé yá. Àwọn mẹ́rin tó bá kù nígbẹ̀yìn ni wọ́n ń pè ní Final Four. Akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀ kì í kàn ṣe ẹni tó ń fun fèrè. Òun fúnra ẹ̀ ló ń lọ sílé àwọn ọmọ, tó ń jókòó síwájú ìyá àti bàbá, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun lọ́mọ. Bí ẹgbẹ́ bá ti ń pàdánù, ọmọ gidi kì í wá. Bí ọmọ gidi ò bá sì wá, ẹgbẹ́ á túbọ̀ máa pàdánù. Inú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ni Sampson ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Wọ́n bí i ní 1955, Pembroke ní North Carolina ló sì dàgbà sí, láàárín àwọn Lumbee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Láyé ìgbà náà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín èèyàn sí ní agbègbè yẹn: ilé ìwé òyìnbó lọ́tọ̀, ti aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀, ti àwọn onílẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá ẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ned, jẹ́ tíṣà àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ìwé girama. Ní oṣù kìíní ọdún 1958, àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń dáná sun igi àgbélébùú láti fi dẹ́rù ba èèyàn, pe ìpàdé sí ẹ̀bá odò Hayes Pond, kí wọ́n lè fojú àwọn Lumbee rí màbo. Àwọn Lumbee tó ya bá wọn níbẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tìbọntìbọn. Klan fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n sá wọgbó. Ned Sampson wà lára àwọn tó lé wọn. Kelvin ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí bàbá yìí tó ń jágbe mọ́ rẹfirí, ilé tó ti jáde ni mo máa ń rántí.

Ilé ìwé gíga tó wà nílùú wọn náà, Pembroke State, ló lọ. Ó ṣe ọdún kan lábẹ́ Jud Heathcote ní Michigan State, lẹ́yìn náà ló kọjá sí Butte, ìlú àwọn awakùsà lórí òkè Montana, níbi tí òtútù ti ń gé èèyàn bí ọ̀bẹ. Ilé ìwé náà ń jẹ́ Montana Tech, orúkọ ìnagijẹ ẹgbẹ́ wọn sì ni Awakùsà. Láàárín ọdún mẹ́ta ṣáájú ẹ̀, ìgbà 17 péré ni wọ́n borí. Wọ́n fi í ṣe olórí ní 1981. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìgbà méje ló borí. Lọ́dún kejì, ìgbà 22. Lọ́dún kẹta, 22. Lọ́dún kẹrin, 22. Ọmọ tó ń ṣe èyí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Washington State ló kàn, ní Pullman, àárín oko àlìkámà. Ọmọ wo ló fẹ́ fi Los Angeles sílẹ̀ lọ síbẹ̀? Ọdún méje ló fi jẹ olórí níbẹ̀. Ó borí ní ìgbà 103, ó pàdánù ní ìgbà 103. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yẹn láìmọ ibi tí Pullman wà á ní kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní 1994 ó mú wọn wọ ìdíje ńlá, èyí tí wọn ò rí wọ̀ láti 1983. Oklahoma rí i, wọ́n mú un. Ọdún méjìlá ló lò ní Oklahoma, ó wọ ìdíje ńlá ní mọ́kànlá nínú ẹ̀, ó sì dé Final Four ní 2002.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ jiyàn la dé yìí.

NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré àwọn yunifásítì, ní òfin lórí iye ìgbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè pe ọmọ tó ń wá lórí fóònù. Wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n rí i pé láàárín 2000 sí 2004, Sampson àtàwọn igbákejì ẹ̀ ní Oklahoma ti pe ọmọ 17 ní ìpè 577 tí kò bófin mu. Kí ìdájọ́ tó jáde, Indiana ti gbà á síṣẹ́ ní 2006. Indiana kì í ṣe ahoro o. Ife márùn-ún ló wà lára ògiri wọn. NCAA ní kò gbọ́dọ̀ pe ọmọ kankan fún ọdún kan. Kí ló tún wá ṣẹlẹ̀? Ìpè lórí ìpè ni, àní wọ́n máa ń so ẹni mẹ́ta pọ̀ lórí fóònù kan. Nígbà tó máa di oṣù kejì ọdún 2008, ẹgbẹ́ ẹ̀ ti borí ní ìgbà 22, ó ti pàdánù ní ìgbà mẹ́rin péré, síbẹ̀ wọ́n fún un ní 750,000 dọ́là kó máa lọ.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Indiana fẹ́rẹ̀ẹ́ tú tán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ló jókòó lórí àga, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n borí, ìgbà 25 ni wọ́n pàdánù, irú èyí tí Indiana ò rí rí. Ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ahoro di ilé ló sọ ilé di ahoro yìí. Àwọn kan á ní, “Ṣé fóònù náà lọ̀rọ̀? Ẹ ò rí i pé NCAA fúnra wọn fagi lé òfin yẹn lẹ́yìn ọdún díẹ̀?” Òótọ́ ni, wọ́n fagi lé e, ẹni tó bá sì wò ó lónìí á ní ìyà náà pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Èmi gbà bẹ́ẹ̀ lórí Oklahoma. Lórí Indiana, mi ò gbà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ fún, tí inki ò tíì gbẹ lórí ìwé ìkìlọ̀, kò ní àwáwí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, NCAA so ìyà ọdún márùn-ún mọ́ ọn lọ́rùn: yunifásítì tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ṣàlàyé níwájú NCAA ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n jìyà pẹ̀lú ẹ̀. Ta ló máa lọ fa irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Kó tó dìgbà náà, ó ti bọ́ sí NBA, ó di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Milwaukee, lẹ́yìn náà ní Houston Rockets.

Ibẹ̀ ni yunifásítì ìlú náà ti wá a rí lóṣù kẹrin ọdún 2014. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ Yunifásítì Houston, orúkọ kan ló yẹ kó sọ sí i lọ́kàn: Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, tó ń gbá hándíbọ́ọ̀lù kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Abẹ́ Guy Lewis ní Houston ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ débi tó fi di Ọlájùwọ́n. Ọdún mẹ́ta léra, 1982, 1983, 1984, wọ́n dé Final Four. Ní 1983, North Carolina State gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 54 sí 52, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá wọlé nígbà tí aago fẹ́ kú. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pàdánù, Ọlájùwọ́n ni wọ́n ní ó ta yọ jù nínú ìdíje náà. Ó lọ sí NBA ní 1984. Láti ọdún náà, Houston ò borí nínú ìdíje ńlá mọ́, kódà ẹ̀ẹ̀kan péré, ní 2010, ni wọ́n rí i wọ̀ láàárín 1992 sí ìgbà tí Sampson dé.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ó borí ní ìgbà 13, ó pàdánù ní ìgbà 19. Lọ́dún kejì, ó borí ní ìgbà 22. Ní 2016, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ìdánrawò tuntun, orúkọ Guy Lewis ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n wó inú pápá àtijọ́, wọ́n ń tún un ṣe, ẹgbẹ́ náà sì lọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì ẹlòmíràn fún odidi sáà kan. Sáà àtìpó yẹn gan-an, 2018, ni wọ́n tún borí nínú ìdíje ńlá fúngbà àkọ́kọ́ láti ayé Ọlájùwọ́n. Ní 2021, wọ́n dé Final Four.

Kí ló ń ṣe tí àwọn tó kù ò ṣe? Ẹ wá wo ìdánrawò ẹ̀. Wọ́n á gbé ìdérí ike kan lé ẹnu agbọ̀n, ó rí roboto bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ máa ju bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Kò sí èyí tó lè wọlé. Gbogbo ẹ̀ ló ń ta padà, ẹni tó bá sì fẹ́ nǹkan kan níbẹ̀ yóò fi ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún wá a. Ribáńdì ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀lù tó ta padà bẹ́ẹ̀, òun sì ni gbogbo ẹ̀sìn Sampson. Ìdí ẹ̀ ò le. Ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù yóò gba yunifásítì olórúkọ ńlá bíi Duke tàbí Kentucky lọ, ẹ̀bẹ̀ ò lè dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ bẹ́ lu ilẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ, ẹ lè rí i ní ìlú èyíkéyìí, ẹ sì lè kọ́ ọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohun tí wọ́n lè kọ́ ní Butte, tí wọ́n lè kọ́ ní Pullman nìyẹn, láìsí owó, láìsí orúkọ. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, Kellen, ni igbákejì tí wọ́n ti yàn pé yóò gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, Lauren, náà wà nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà. Agbo ilé ni, bíi ti Ned.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2025, San Antonio kan náà, eré Final Four tó ṣáájú àṣekágbá, Houston àti Duke. Duke fi àmì 14 ṣíwájú nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nígbà tó kù ìṣẹ́jú àáyá 35, àmì mẹ́fà ṣì ni. Sharp gbá mẹ́ta wọlé. Houston já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Duke. Wọ́n jù ú, kò wọlé, ó ta padà, Joseph Tugler ló gbà á lókè tó sì kì í bọ agbọ̀n. Ó ku àmì kan. Wọ́n fún Duke ní bọ́ọ̀lù ìjìyà, wọ́n jù ú, kò wọlé, ó ta padà. J'Wan Roberts, tó ti lo ọdún mẹ́fà lábẹ́ ìdérí ike yẹn, ti dúró síbi tó yẹ. Ọmọ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń pariwo orúkọ ẹ̀ nígbà náà, Cooper Flagg, gun un lẹ́yìn. Rẹfirí fun fèrè. Roberts gbá bọ́ọ̀lù ìjìyà méjèèjì wọlé, Houston bọ́ síwájú, ó parí sí 70 sí 67.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Sharp.