Ohun Tí Lẹ́tà Ìdádúró Kò Ní Sọ: Òṣìṣẹ́ Ìjọba, Ẹ̀san Ọ̀gá àti Ilé Ẹjọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wáyé níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mo tún un kọ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín.

Kò sí ọ̀gá tó máa kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé, "A lé ọ nítorí pé o fẹjọ́ wa sùn." Ohun tí ẹ máa rí nínú lẹ́tà ni pé ìjọba kò nílò iṣẹ́ yín mọ́, tàbí pé ẹ hùwà tí kò yẹ òṣìṣẹ́, tàbí pé àtúntò ń lọ lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó gba lẹ́tà náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Ó ti kọ̀wé pé owó kan kò sí nínú àkántì ẹ̀ka wọn mọ́. Tàbí ó ti sọ pé ọ̀gá ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ. Tàbí ó ti béèrè ìdí tí ìgbéga fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará agbègbè kan ṣoṣo lọ́dọọdún. Àwọn baba wa ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀. Adájọ́ nìkan ni kò mọ̀, òun gan-an ló sì yẹ kó mọ̀.

Ohun tí mo bá wá síwájú yín lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ní Nàìjíríà, òfin máa ń bi ọ̀gá léèrè ọ̀nà tó gbà lé òṣìṣẹ́ ìjọba ju bó ṣe ń bi í léèrè ìdí tó fi lé e. Ẹni tí kò bá mọ èyí á gbé ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ síwájú adájọ́, á sì pàdánù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1981. Bashir Alade Shitta-Bey jẹ́ agbẹjọ́rò ní Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n fi tipátipá fẹ̀yìn rẹ̀ tì nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gba èrò tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pé òṣìṣẹ́ ọba ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wu ọba. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kọ èrò yìí. Ó ní ìwé ìlànà iṣẹ́ ìjọba ní agbára òfin, àjọ tó ń ṣàkóso òṣìṣẹ́ kò sì lè gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó wá ṣe bó ṣe wù ú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní 1985, ẹjọ́ Olaniyan àti Yunifásítì Èkó dé iwájú ilé ẹjọ́ kan náà. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì náà kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan pé kí wọ́n máa lọ, wọ́n sì gbé e lé orí ìfitónilétí olóṣù mẹ́ta. Àlàyé wọn ni pé ìwé ìgbanisíṣẹ́ gba ìhà méjèèjì láyè láti pín gaarí bẹ́ẹ̀. Àwọn adájọ́ ní rárá o. Abala 17 nínú òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ti sọ bí a ṣe ń yọ ọ̀jọ̀gbọ́n: kí ó mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, kí ó sì rí ààyè sọ tẹnu rẹ̀. Ìfitónilétí olóṣù mẹ́ta kò lè gba ipò ìyẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin pàápàá ti gba òwe yẹn wọlé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ìdájọ́ méjèèjì yìí ni òpó tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ẹ̀yìn tì títí dòní. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni kò ní irú rẹ̀. Bí wọ́n bá lé e lọ́nà tí kò tọ́, owó ló sábà máa ń gbà. Òṣìṣẹ́ tí òfin dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ lè gba iṣẹ́ náà padà, pẹ̀lú gbogbo owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn adájọ́ kò béèrè. Wọn kò béèrè pé, kí ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ lẹ́tà náà. Wọn kò nílò rẹ̀. Pé wọ́n fo ìgbésẹ̀ kan ti tó láti wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá wá bá mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìgbésẹ̀ ọ̀gá, kí wọ́n tó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ṣé kúérì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi bi yín léèrè ẹ̀sùn, tí wọ́n fún yín sọ ẹ̀sùn náà ní pàtó, àbí ó kàn pariwo "ìwà àìgbọ́ràn" láìsí ọjọ́, láìsí ibi? Ṣé wọ́n fún yín ní àsìkò tó tó láti fèsì? Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé orí ìgbìmọ̀ oníwàádìí, ṣé àwọn tó jókòó níbẹ̀ tó mẹ́ta, ó kéré tán? Ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní olórí ẹ̀ka tí òṣìṣẹ́ náà ti wá kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìgbìmọ̀ náà. Ṣé kì í ṣe òun ló di alága? Ṣé ẹ rí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ta kò yín? Ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ bi ẹlẹ́rìí wọn ní ìbéèrè? Ẹni tó ń gbẹ̀san kì í ní sùúrù. Ó fẹ́ kí ẹ ti jáde kí oṣù tó parí, ibi ìkánjú yẹn ló sì ti máa ń fi ẹsẹ̀ kọ.

Nípa ẹ̀san fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òfin wa fọ́nká lórí rẹ̀. Òfin Iṣẹ́, ní abala 9, kò gbà kí wọ́n lé ènìyàn nítorí pé ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àmọ́ òfin yẹn kò ka àwọn tó wà nípò àkóso mọ́ àwọn tó ń dáàbò bò. Ní oṣù Kejìlá 2016, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kalẹ̀ fún ẹni tó bá tú àṣírí owó ìlú tí wọ́n jí. Wọ́n ṣèlérí ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá rí gbà padà, wọ́n sì ṣèlérí ààbò. Ètò ìjọba ni o, kì í ṣe òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe, ètò tí òfin kò sì tì lẹ́yìn máa ń rọ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bínú. Ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó ka ìlérí náà gbà á gbọ́.

Ti ẹ̀tanú dára ju ìyẹn lọ. Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ibi tó ti wá, pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé nọ́ńbà 111, èyí tó dá lórí ẹ̀tanú lẹ́nu iṣẹ́, ní 2002. Nígbà tí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2010, dé, wọ́n dárúkọ National Industrial Court, ìyẹn ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì fún un láṣẹ láti wo ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti àwọn àdéhùn àgbáyé tí a ti fọwọ́ sí. Láti ìgbà náà, adájọ́ ní irin iṣẹ́ tí àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ Shitta-Bey kò ní.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe lò ó. Ní oṣù Kìíní 2021, wọ́n lé ọ̀dọ́bìnrin ọlọ́pàá kan ní Èkìtì. Ọdún tó ṣáájú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá. Lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́tà sọ ìdí: ó lóyún, kò sì tíì lọ́kọ. Ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá ti 1968, ní nọ́ńbà 127, ló ní kí wọ́n yọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má sì gbà á padà àfi tí ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá bá fọwọ́ sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ fún ọlọ́pàá ọkùnrin tó fún ọmọbìnrin lóyún láìgbé e níyàwó. Kì í ṣe ìlànà yìí nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ìkejì rẹ̀, nọ́ńbà 124, ló ní kí ọlọ́pàá obìnrin kọ̀wé gbàṣẹ kó tó lè ṣègbéyàwó, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sì ti fagi lé ìyẹn ní 2012.

Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò gbé ọ̀rọ̀ ìlànà 127 lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Ní 2022, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ọmọbìnrin náà gbé tirẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ní 2024 sì ni adájọ́ ibẹ̀ sọ pé ìlànà náà ta ko ìwé òfin, nítorí pé ó ń fi ìyà jẹ obìnrin fún ohun tí kò fi jẹ ọkùnrin. Ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún un. Àmọ́ kò dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ó ṣì wà ní àsìkò ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́ (probation) nígbà tí wọ́n lé e. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìyẹn, ó sì ṣì ń ká mi lára. Ó borí lórí ìdí, àmọ́ kò rí iṣẹ́ gbà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Èkó rí iṣẹ́ gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ìdí. Ẹni tí òfin kò tíì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló rọrùn jù láti gbẹ̀san lára rẹ̀, òun náà ni ààbò rẹ̀ sì kéré jù.

Àwọn ènìyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà, ní ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́, wà lábẹ́ òfin tó dárúkọ ẹ̀san ní tààrà, òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964. Vicky Crawford lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Nashville. Ní 2002, wọ́n ń wádìí ọ̀gá kan tí wọ́n ní ó ń fi ìwà ìṣekúṣe da àwọn obìnrin láàmú. Kì í ṣe Crawford ló fẹjọ́ sùn; wọ́n bi í léèrè, ó sì dáhùn. Wọn kò fi ìyà kankan jẹ ọ̀gá náà. Crawford ni wọ́n lé, wọ́n ní ó jí owó. Òfin náà ń dáàbò bo ẹni tó bá ta ko irú ìwà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilé ẹjọ́ méjì sọ pé ẹni tó kàn dáhùn ìbéèrè kò tíì ta ko nǹkan kan. Ní oṣù Kìíní 2009, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé ó ta kò ó. Síbẹ̀ òwe àjẹ́ wa kò tó níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ẹjọ́ dókítà kan àti yunifásítì ìṣègùn ní Texas ní 2013, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sọ pé olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé bí kì í bá ṣe ti ẹ̀san ni, wọn kì bá tí lé òun. Ọjọ́ wọn sì kéré: òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 45 péré láti lọ bá olùdámọ̀ràn ilé-iṣẹ́ rẹ̀.

Nílé tàbí lókè òkun, ohun tí ẹ fi máa bá ẹ̀san jà ni ìwé. Fọ́ọ̀mù APER, èyí tí ọ̀gá fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ọ̀gá kan náà fi yìn yín kí ẹ tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà ẹ̀sùn yín wọlé, kí òǹtẹ̀ sì wà lára ẹ̀dà tiyín. Orúkọ ẹlòmíràn tó ṣe irú ohun kan náà tí wọn kò fi nǹkan kan ṣe é. Àlàyé tó ń yí padà: kúérì ní ẹ pẹ́ dé, ìgbìmọ̀ ní ẹ rí ọ̀gá fín, lẹ́tà ìkẹyìn ní iṣẹ́ kò sí mọ́. Bó bá jẹ́ WhatsApp tàbí ímeèlì lẹ fẹ́ lò, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kí ìwé ẹ̀rí tẹ̀lé e nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má ṣe jí fáìlì ìjọba gbé, ẹ̀sùn tuntun lẹ máa fi ìyẹn fún wọn. Agbẹjọ́rò yín lè fi ìwé béèrè ẹ̀dà tí wọ́n jẹ́rìí sí.

Ẹ má sì jókòó. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tó ní ẹni tó bá fẹ́ pè é lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi òfin yẹn lé òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró kúrò ní kóòtù. Nínú ẹjọ́ Johnson, tí a ń tọ́ka sí láti 2019, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé òfin náà kò kan ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́. Ìtura ńlá ni, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìjọba ṣì ń gbé e dìde, àwọn àjọ kan sì wà tí òfin wọn ní kí ẹ fún wọn ní ìwé ìfitónilétí oṣù kan kí ẹ tó pe wọ́n lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, màmá kan béèrè bóyá òun lè gba owó ìdágbére tí wọ́n fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ. Mo ní kí màmá má tíì fọwọ́ kàn án. Àwọn ìdájọ́ kan wà tó ní ẹni tó gba owó náà ti gbà pé iṣẹ́ òun ti parí. Bí owó bá ti wọ àkántì láìbéèrè, kí wọ́n kọ̀wé lọ́jọ́ kan náà pé àwọn kò fara mọ́ ìdádúró náà, pé owó yẹn kò pa ẹjọ́ àwọn rẹ́, kí wọ́n sì gba òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tiwọn.