Ogun Madagáskà 1942: Ta Ló Mú Bírò Dání?

Ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá lọ́jọ́ Sátidé, ohun tí mo bá wọn sọ nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni.

Ní Kew, ní London, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìwé wọn pamọ́ sí, dáyárì ogun (ìwé tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun fi ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́) ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn tiwa níbí, WO 173 ni nọ́mbà ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e gan-an, WO 174, Madagáskà ni. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn àwọn bàbá tó lọ Burma, àmọ́ ta ló sọ fún wa rí pé adúláwọ̀ kọjú ìbọn síra wọn ní erékùṣù yẹn?

Japan ló fà á. Wọ́n gba Singapore ní February 1942, ara Churchill ò wá balẹ̀ mọ́, torí tí wọ́n bá tún lọ gba Diego Suarez, èbúté ńlá tó wà lókè Madagáskà, ọ̀nà omi tó lọ sí Íńdíà àti Íjíbítì ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn Faransé Vichy, tó ti gbà fún Hitler, ló wà níbẹ̀. Lóru mọ́jú May 5, Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, lápá ìwọ̀-oòrùn tí òkúta abẹ́ omi pọ̀ sí, tí Faransé ò rò pé ọkọ̀ lè gbà lóru. De Gaulle gan-an, olórí àwọn Faransé tí ò gbà fún Hitler, wọn ò ta á lólobó, ó sì bínú gidi.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi kọ dáyárì yẹn ń jẹ́ Army Form C.2118: ibi tẹ́ ẹ wà, déètì, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ó tán. Ọ́físà ló ń kọ ọ́, ọ́físà ẹgbẹ́ ẹ̀ ló sì sábà máa ń dárúkọ. Ṣọ́jà kékeré, ì báà jẹ́ òyìnbó pàápàá (ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́), iye wọn ló ń kọ, kó tó kọjá sórí igi àti òkúta tí Faransé fi dí títì. Askari, ìyẹn ṣọ́jà adúláwọ̀, ti King's African Rifles, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tó fẹsẹ̀ rin títì yẹn ní September, lẹ́yìn tí wọ́n gba Majunga, inú iye yẹn ló wà. Àwọn ọmọ Senegal àti ọmọ Madagáskà tó ń yìnbọn fún un láti òdìkejì, ẹ fi Kew sílẹ̀ o, ẹ lọ wá wọn ní Vincennes àti Aix-en-Provence, níbi tí ìjọba Faransé ń kó ìwé tiwọn pamọ́ sí, lédè Faransé.

Ibi aago yẹn, ẹ má fò ó. Gómìnà Annet, tó ń ṣàkóso Madagáskà fún Vichy, ti ń wá bó ṣe máa túúbá, síbẹ̀ November 6, aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú kan, ni wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Ẹ ka oṣù láti May 5, mẹ́fà ti pé. Wọ́n ní torí kí ṣọ́jà Faransé lè gba mẹ́dà àti owó tó tọ́ sí ẹni tó bá jagun kọjá oṣù mẹ́fà ni.

Ẹnì kan wá bi mí pé ṣé àwọn ọmọ Senegal náà rí nínú owó ọ̀hún. Mo ní ìwé owó oṣù ló yẹ ká lọ tú, dáyárì ogun kì í kọ irú ìyẹn.