Michael Faraday: Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tó Fi Àbẹ́là Kọ́ Ayé Ní Sáyẹ́ǹsì

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kò wọ yunifásítì rí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni ìṣirò tó mọ̀, síbẹ̀ inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ àti tiransífọ́mà ti ṣẹ̀ wá. Michael Faraday ni orúkọ rẹ̀. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1791, alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, wọn kò sì rí jájẹ.

Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìwé dídì lọ́dọ̀ George Riebau, ọdún 7 gbáko ni ó sì fi kọ́ṣẹ́ náà. Àwọn ìwé tí wọ́n bá gbé wá fún ọ̀gá rẹ̀ láti dì ni ó ń kà, inú wọn ni ó sì ti pàdé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ní ọdún 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy, àgbà onímọ̀ kẹ́mísìrì, ní Royal Institution, ilé ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán sí i, ó dì í di ìwé tó tó nǹkan bí 300 ojú ìwé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy fúnra rẹ̀: iṣẹ́ tó kọ́ ni ó fi tọrọ iṣẹ́ tó wù ú. Àyè kò tíì sí nígbà náà, àfi ìgbà tí wọ́n lé òṣìṣẹ́ kan kúrò níbẹ̀ nítorí ìjà. Oṣù Kẹta ọdún 1813 ni Faraday gba ipò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1831, ó we wáyà méjì mọ́ òrùka irin kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra. Bí ó ti so wáyà àkọ́kọ́ mọ́ bátìrì, abẹ́rẹ́ òòfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kejì mì, ó sì padà sí ààyè rẹ̀. Nígbà tí ó tú u, abẹ́rẹ́ náà tún mì. Ẹ kíyè sí i pé bí iná ṣe ń ṣàn geerege, abẹ́rẹ́ kò mira: iná wáyà àkọ́kọ́ ń sọ òrùka náà di òòfà, ìyípadà agbára òòfà yìí ni ó sì ń bí iná nínú wáyà kejì. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé bí a bá ń ti mágínẹ́ẹ̀tì bọ inú wáyà tí a wé, tí a sì ń fà á jáde, iná yóò wá, èyí gan-an sì ni ìpìlẹ̀ jẹnẹrétọ̀.

Nítorí pé ìṣirò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ni ó fi ń ronú. Ó wo bí èérún irin ṣe ń tò yí mágínẹ́ẹ̀tì ká, ó sì gbà pé ipá ń bẹ ní àyíká náà, bí ilà tó nà láti orí kan dé èkejì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà á sí, títí James Clerk Maxwell, onímọ̀ físíìsì, fi sọ èrò náà di ìṣirò.

Lójú tèmi, ibi tí àìní ìṣirò yìí ti sèso jù ni orí pèpéle. Láàárín 1827 sí 1860, ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ni ó ṣe ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọ̀dọ́, kì í sì í ní kí wọ́n gba ohun tí ojú wọn kò rí gbọ́. Àbẹ́là lásán ni ó gbé síwájú wọn nínú èyí tó ṣe kẹ́yìn. Ó fi ọ̀pá gíláàsì fa epo tó ti di afẹ́fẹ́ ní àárín iná jáde, ó sì tan iná sí i ní ẹnu ọ̀pá náà, kí wọ́n lè rí i pé epo tó ti di afẹ́fẹ́ ni ó ń jó. Ó gba omi tó ń ti inú iná náà wá, ó sì fi hàn wọ́n pé èémí tiwa náà jọ jíjó àbẹ́là.

Ó kọ oyè Sir, ó sì kọ ipò ààrẹ Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́ẹ̀mejì. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1867. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kérésìmesì náà ṣì ń wáyé, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e, láti Royal Institution kan náà tí ọmọṣẹ́ adìwé kan ti jókòó tòun ti gègé ní ọdún 1812.